Ẹ̀bùn ìrìnàjò olówó pọ́ọ́kú tí kò wọ́pọ̀: kí lẹ máa ń rà ní pápákọ̀ òfurufú bí ẹ bá ń dúró de bàálù?

Ọmọ Balógun

Ẹ kú ojúmọ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Aṣọ ọmọdé ni mò ń tà ní Balógun. Guangzhou ni mo ti ń kó ọjà, Addis Ababa ni bàálù wa máa ń gbà lọ, ibẹ̀ náà ló ń gbà bọ̀. Ẹ mọ̀ bí tiwa ṣe rí: ẹni tó bá ti àjò dé, ọwọ́ rẹ̀ ni wọ́n máa kọ́kọ́ wò kí wọ́n tó wo ojú rẹ̀. Àwọn ọmọ ẹ̀gbọ́n mi, alájọgbélé, ẹgbẹ́ akọrin ṣọ́ọ̀ṣì, ọmọbìnrin tó ń bá mi jókòó ti ọjà, "ẹ kú àbọ̀ o, kí lẹ mú bọ̀ fún wa?" ni gbogbo wọn fi ń kí mi.

Ọjà ti jẹ gbogbo kílò tí wọ́n fún mi tán. Ohun tó bá lè há sínú báàgì ọwọ́ nìkan ni mo lè rà, wákàtí tí mo fi ń jókòó ní Addis nìkan ni mo sì ráyè. Mo fẹ́ nǹkan kéékèèké tí kò wọ́n, tí ẹni tí mo bá fún á yẹ̀ ẹ́ wò lọ́tùn-ún lósì, á ní "níbo lo ti rí eléyìí?" Ẹ má sọ fún mi pé kí n ra kíhódà. China ni wọ́n ti ń ṣe é, China náà sì ni mo ti ń bọ̀.

Ìbéèrè kejì: màmá kan wà ní Guangzhou tó ń kó ọjà fún mi, ó máa ń fi tíì àti ìpápánu ṣe mí lálejò. Kí ni mo lè mú láti Èkó lọ fún un tí kò ní dá mi dúró lọ́dọ̀ kọ́sítọ́ọ̀mù?

Ìyá Ìbejì Peckham

Ọmọ Balógun, o kú ìnáwó o. Ohun tí mo máa ń sọ fún àwọn ọmọ mi rèé: ní pápákọ̀ òfurufú, má tẹ̀lé àwọn tó ń fa àpótí, ẹsẹ̀ àwọn tó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ ni kí o máa wò. Ẹni tó ń nu ilẹ̀, ẹni tó ń ti kẹ̀kẹ́ ẹrù, àwọn ọmọge tó ń tẹ̀wé ìwọkọ̀, ojoojúmọ́ ni wọ́n ń jẹun, owó oṣù wọn ò sì gbà kí wọ́n máa rà á lọ́wọ́ àwọn tó ń ta góòlù àti lọ́fínńdà. Ibi tí wọ́n bá ń yà sí lásìkò oúnjẹ, ibẹ̀ ni kí o yà sí. Ṣọ́ọ̀bù olóògùn, súpámákẹ́ẹ̀tì, ibi tí wọ́n ti ń ta ìwé ìròyìn, ilé ìfìwéránṣẹ́ bó bá wà.

Ní Heathrow, Boots ni mò ń lọ. Olóògùn ni wọ́n lóòótọ́, ṣùgbọ́n wọ́n ń ta súwíìtì, ìpara ètè àti ọṣẹ kéékèèké tí àwọn ará ìlú ń lò. Ìyẹn dùn mọ́ èèyàn nílé ju bọ́ọ̀sì pupa oníke lọ. Ohun tí wọ́n wá fẹ́ràn jù kò ná mi ní kọ́bọ̀: àwòrán ọ̀nà ọkọ̀ abẹ́ ilẹ̀, ìwé kékeré alámì àwọ̀ mèremère tó ṣeé kì bọ àpò. Ọ̀fẹ́ ni wọ́n ń fúnni ní ibùdó Tube tó wà nísàlẹ̀ pápákọ̀ náà. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi kan ní Mọ́kọ́lá lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri lórí bẹ́ẹ̀dì rẹ̀, ó ti há orúkọ gbogbo ibùdó ojú ọ̀nà Piccadilly sórí, kò sì tíì wọ bàálù rí. Àwọn tó ń wọ ìlú tàbí tó ń jáde nìkan ló lè débẹ̀ o. Ẹni tó kàn ń bọ́ sínú bàálù kan láti inú òmíràn kò lè rí i.

Arìnrìnàjò Òkè-Àdó

Addis ni mo fẹ́ dáhùn, torí ọ̀nà ibẹ̀ kò ṣàjèjì sí mi.

Ẹ ra kọfí. Ẹ dúró ná, ẹ má rojú. Orí ilẹ̀ Etiópíà ni igi kọfí ti ṣẹ̀, ilé ni kọfí wà níbẹ̀. Inú pápákọ̀ Bole gan-an, ẹ máa rí ibi tí obìnrin kan jókòó sí lórí àpótí kúkúrú, tí wọ́n tẹ́ koríko tútù sílẹ̀, tó ń da kọfí láti inú ìkòkò amọ̀ dúdú ọlọ́rùn gígùn tí wọ́n ń pè ní jebena sínú ife kékeré tí kò létí. Ẹ mu ún lẹ́ẹ̀kan, ẹ óò mọ ìdí tí mo fi ní kí ẹ má rojú. Kọfí inú pálí tó wà ní ṣọ́ọ̀bù lóríṣiríṣi, ẹ máa wo orúkọ agbègbè tó ti wá lára rẹ̀: Yirgacheffe, Sidamo, Harar. Tomoca, tí wọ́n ti ń yan kọfí ní Addis láti 1953, wà lára àwọn tí àwọn ará ìlú mọ̀ dáadáa. Èyí tí wọ́n ti lọ̀ ni kí ẹ rà fún ará ilé. Ta ló fẹ́ máa wá ọlọ tí á fi lọ kọfí ní Muṣin?

Bí àwọn èèyàn yín kò bá mu kọfí, nǹkan méjì wà tí mo fẹ́ràn jù ú lọ. Èkíní ni kolo: ọkà bálì tí wọ́n yan gbẹ, tí wọ́n máa ń da ẹ̀pà tàbí ẹ̀wà mìíràn mọ́. Ó ń ró kàkà lẹ́nu bíi gúgúrú tí kò bẹ́, ó fúyẹ́, kì í bàjẹ́ bọ̀rọ̀. Ẹ bù ú sínú ike kéékèèké, ẹgbẹ́ akọrin yín á jẹ ẹ́ tán kí ìdánrawò tó bẹ̀rẹ̀. Èkejì ni berbere, ata lílọ̀ pupa tí wọ́n ti po èròjà ọbẹ̀ pọ̀ mọ́. Ẹni tó ń dáná nílé yín á dúpẹ́, torí ó lọ dáadáa lára adìyẹ.

Ẹ̀bùn tó máa ń jẹ́ kí wọ́n bi mí ní ìbéèrè jù ni kàlẹ́ńdà. Oṣù 13 ló wà nínú ọdún wọn: 12 tó ní ọjọ́ 30, àti ọ̀kan tó kù tí kì í ju ọjọ́ márùn-ún tàbí mẹ́fà lọ. Ní oṣù Kẹsàn-án 2025, ọdún 2018 ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ̀. Bí ẹ bá rí kàlẹ́ńdà tàbí káàdì tí wọ́n kọ ọ́ sí, ẹ mú un. Mo fún alágbàṣe mi kan ní ọ̀kan, ó ní ọdún méje ló padà bọ̀ sọ́wọ́ òun, kí n bá òun gba owó iṣẹ́ rẹ̀.

Ẹ mú dọ́là wẹ́wẹ́ dání, $1 àti $5. Bí ẹ bá na ogún dọ́là sí wọn, birr, owó Etiópíà, ni ṣéńjì lè jẹ́, kò sì sí ibi tí ẹ óò ti ná an ní Balógun. Bí ìdúró yín bá sì pẹ́ débi tí wọ́n fi gbé yín lọ sí hòtẹ́ẹ̀lì, ẹ wá súpámákẹ́ẹ̀tì kan ní àdúgbò Bole. Ọjà kan náà ni, owó rẹ̀ kò jọra rárá.

Ọmọ Balógun

Ẹ̀gbọ́n, ẹ ṣé gan-an. Jebena ńkọ́? Ṣé kò ní fọ́ kí n tó dé Èkó?

Arìnrìnàjò Òkè-Àdó

Ṣé ẹ̀yin tí ẹ ń ta aṣọ ọmọdé lẹ ń bi mí bẹ́ẹ̀? Ẹ ki ìbọ̀sẹ̀ méjì sínú rẹ̀, ẹ fi aṣọ òtútù wé ọrùn rẹ̀, torí ọrùn ló máa ń kọ́kọ́ kán. Kékeré ni kí ẹ rà, inú báàgì ọwọ́ ni kó sì wà.

Ará Ìkẹjà

Ẹ jẹ́ kí n dáhùn ti màmá Guangzhou. Èmi ò mọ ohun tí à ń wá kiri nígbà tí owó wa gan-an jẹ́ ẹ̀bùn.

Ẹ mú ₦20 tuntun. Iwájú rẹ̀, Ọ̀gágun Murtala Muhammed ni, ẹni tí wọ́n pa ní oṣù Kejì 1976, tí wọ́n sì fi orúkọ rẹ̀ sọ pápákọ̀ tí ẹ ti fẹ́ wọ bàálù. Ẹ yí i sẹ́yìn, Ladi Kwali ni, amọ̀kòkò láti apá àríwá tí òkìkí rẹ̀ kàn dé òkè òkun. Òun sì ni obìnrin àkọ́kọ́ tí àwòrán rẹ̀ wà lórí owó Nàìjíríà. Èyí tí wọ́n gbé jáde ní 2007 jẹ́ oníke, omi kò lè ṣe é ní nǹkan kan. Èèyàn tó ń gbé ìlú àwọn amọ̀kòkò bíi China, ẹ sọ ìtàn Ladi Kwali fún un, ẹ wo bí ojú rẹ̀ á ṣe rí. Ogún náírà! Kí lẹ tún lè fi ogún náírà rà ní Ìkẹjà báyìí?

Ẹ má kọ nǹkan sí i lára, ẹ má lu ihò sí i, ẹ má sì rà á lọ́wọ́ àwọn tó ń ta owó tuntun níbi òde àríyá. Òfin báńkì àpapọ̀ ti 2007 ka gbogbo ìyẹn sí ẹ̀ṣẹ̀. Báńkì ni kí ẹ ti béèrè. Bí ẹ bá rí kọ́ìnì 50 kọ́bọ̀, ₦1 tàbí ₦2 tí wọ́n gbé jáde lọ́dún 2007 náà nínú dúrọ́ọ̀ ìyá àgbà kan, ẹ bẹ̀ wọ́n. Ọjà kò gbà á mọ́, àmọ́ ẹni tó ń kó owó àjèjì jọ á gbà á tayọ̀tayọ̀.

Yàtọ̀ sí owó, ìwé ìròyìn Aláròyé kan. Fẹ́ńdọ̀ kì í wọ́n lójú ọ̀nà. Èdè tí wọn ò lè kà, tí àmì wà lórí àti nísàlẹ̀ lẹ́tà, ẹ ò mọ bó ṣe ń yà wọ́n lẹ́nu tó.

Ìpékeré, kókóró àti kúlíkúlí tí wọ́n ń kiri ní ojú ọ̀nà pápákọ̀ náà dára, ṣùgbọ́n inú ṣọ́ọ̀bù ni kí ẹ ti rà á, níbi tí wọ́n ti lẹ̀ ẹ́ pa tí orúkọ rẹ̀ sì wà lára rẹ̀. Kọ́sítọ́ọ̀mù máa ń fẹ́ ka nǹkan. Èyí tí wọ́n dì sínú ọ̀rá funfun lásán máa ń mú ìbéèrè wá.

Ọmọ Ẹ̀gbá

Ará Ìkẹjà, owó ni ẹ fẹ́ fún àlejò? Ẹ jọ̀ọ́, àdìrẹ ńkọ́?

Àbúrò mi, kí ọjọ́ ìrìnàjò tó kò, bí o bá rí ẹni tó ń lọ sí Abẹ́òkúta, rán an lọ sí Ìtòkú. Má ra odindi aṣọ. Béèrè àjákù àti àṣẹ́kù ọ̀pá aṣọ tí àwọn aránṣọ fi ń rán pọ́ọ̀sì, àpò fóònù, ìbòrí ìwé, ìdè irun. Iye tí wọ́n máa gbà lórí ọ̀kan kò tó iye ife tíì kan ní ṣọ́ọ̀bù inú pápákọ̀. Wo ẹ̀yìn aṣọ kí o tó sanwó: àdìrẹ tí wọ́n fi ọwọ́ ṣe, aró máa ń wọ inú rẹ̀ dé ẹ̀yìn, èyí tí ẹ̀rọ tẹ̀, ẹ̀yìn rẹ̀ máa ń ṣá. Kí o sì fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀kan nínú omi iyọ̀ kí o tó kó o sínú báàgì, kí aró má baà ba aṣọ màmá onímàmá jẹ́.

Ọpọ́n ayò kékeré náà dára, ihò 12, ọmọ ayò 48. Ohun kan wà níbẹ̀ tí ọ̀pọ̀ kì í rántí: hóró igi ni ọmọ ayò, China kì í sì gba hóró ohun ọ̀gbìn wọlé. Ọpọ́n ni kí o mú lọ, fi ìlẹ̀kẹ̀ rọ́pò ọmọ rẹ̀.

Ìkìlọ̀ lórí igi gbígbẹ́: ère, ilẹ̀kùn gbígbẹ́, ohunkóhun tó bá jọ ti àtijọ́, àjọ National Commission for Museums and Monuments ló ń fúnni níwèé kí ó tó lè jáde nílùú. Òfin ọdún 1979 ni. Bí ère yín bá jẹ́ tuntun gbọ̀ọ́ láti ọjà Lẹ́kkí, ẹ gba ríṣíìtì lọ́wọ́ ẹni tó tà á, torí ẹni tó ń yẹ ẹrù wò ní gẹ́ètì kò mọ ọjọ́ tí wọ́n gbẹ́ ẹ.

Baálé Houston

Mo ń ka gbogbo yín, ẹnu mi ń dá itọ́. Àmọ́ ẹ jẹ́ kí n ba ọbẹ̀ náà jẹ́ díẹ̀.

Kílíṣí kì í wọ Amẹ́ríkà. Ẹran ni, wọn ì báà gbẹ ẹ́ kó dà bí ìwé. Bẹ́ẹ̀ náà ni ìgbín, pọ̀nmọ́ àti èso tútù. Ìlú ọba náà kì í gba ẹran tàbí ohun tí wọ́n fi wàrà ṣe láti Nàìjíríà. China kò gba ẹran, kò gba ẹyin, kò gba èso tútù. Bí ẹ bá kọ ọ́ sínú fọ́ọ̀mù, wọ́n á gbà á, wọ́n á jù ú nù, ẹ ó sì máa lọ. Bí ẹ bá fi pamọ́ tí ajá inú pápákọ̀ gbóòórùn rẹ̀, owó ìtanràn ni. Ẹ̀bùn ₦5,000 kò yẹ kó di $300 lọ́wọ́ èèyàn.

Ohun tó ń ṣàn, tàbí tó rọ̀ bí ìpara, kò gbọdọ̀ ju mílílítà 100 lọ nínú báàgì ọwọ́ ní ọ̀pọ̀ pápákọ̀. Oyin, òróró, òrí, ẹ̀pà lílọ̀, ọṣẹ dúdú tó rọ̀, gbogbo wọn wà lábẹ́ òfin yìí. Èyí tí ẹ bá rà lẹ́yìn àyẹ̀wò, tí wọ́n lẹ̀ pa sínú ọ̀rá pẹ̀lú ríṣíìtì, ẹ má já a títí ẹ óò fi délé, pàápàá bí àyẹ̀wò mìíràn bá wà níwájú.

Ìyá Ìbejì Peckham

Baálé, ẹ kú ìbẹ̀rù òfin. Òótọ́ lẹ sọ ṣá.

Ará Porto-Novo

Ẹ jókòó síbẹ̀, ẹ kò dárúkọ ìwọ̀-oòrùn wa. Mo ń gba Cotonou àti Lomé lọ sí Dakar, ojú ọ̀nà yìí rọrùn, torí owó CFA kan náà làwọn orílẹ̀-èdè mẹ́jọ ń ná. Ohun tó bá ṣẹ́ kù lọ́wọ́ mi ní Cotonou, mo lè ná an ní Lomé, Abidjan àti Dakar. Kí ẹ má dé Douala kí ẹ ní ẹ fẹ́ ná an o: CFA tiwọn yàtọ̀, wọn ò ní gbà á.

Ní Cotonou, àárín ìlú ni pápákọ̀ Cadjèhoun wà, nítorí náà kí ẹ tó wọlé ni kí ẹ ti rajà. Kúlíkúlí Agonlin, òun ni ẹ̀bùn. Ó tẹ́ẹ́rẹ́, ó le koko, ẹ fi mu gàrí, ẹ óò gbàgbé ti Ìjẹ̀bú fún ọjọ́ kan. Ní Accra, ṣokoléètì Golden Tree, tí wọ́n ń fi kòkó Gánà ṣe ní Tema, owó rẹ̀ kò tó ti àwọn ṣokoléètì Switzerland tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ lórí pẹpẹ. Ìlẹ̀kẹ̀ Krobo náà wà níbẹ̀. Ìgò àlòkù ni wọ́n ń gún, tí wọ́n ń yan nínú iná kó tó di ìlẹ̀kẹ̀. Okùn kan ṣoṣo, ẹ já a, ẹ pín in fún ọmọ mẹ́fà.

Nọ́ọ̀sì Rotterdam

Schiphol, pápákọ̀ Amsterdam: stroopwafel, bísíkíìtì pẹlẹbẹ tó ní omi ṣúgà líle láàárín, èyí tó wà nínú agolo aláwọ̀ búlúù lẹ́gbẹ̀ẹ́ gẹ́ètì, ẹ fi sílẹ̀. Kan náà wà nínú ọ̀rá ní Albert Heijn, súpámákẹ́ẹ̀tì tó wà ní Schiphol Plaza, ní owó tí àwa ará ìlú ń rà á. Ẹ mú páálí hagelslag kan mọ́ ọn, wóróbo ṣokoléètì tí àwọn ará Netherlands ń wọ́n sórí búrẹ́dì oníbọ́tà. Bẹ́ẹ̀ ni, búrẹ́dì. Àwọn ọmọ kì í gbàgbọ́ títí wọ́n á fi rí i.

Ìṣòro ibẹ̀ ni pé ìta ni Plaza wà. Ẹni tó ní pásípọ́ọ̀tù Nàìjíríà nílò físà Schengen kó tó lè jáde síbẹ̀. Wọ́n tiẹ̀ ń béèrè físà tráńsítì lọ́wọ́ wa fún ìjókòó lásán nínú pápákọ̀ Schengen, àyàfi àwọn tí òfin yọ sílẹ̀, bí ẹni tó ní físà Amẹ́ríkà. Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò kí ẹ tó ra tíkẹ́ẹ̀tì, kì í ṣe lẹ́yìn rẹ̀.

Ayékòótọ́

Ẹ jẹ́ kí n fi ti ọ̀nà jíjìn kún un. Ní Narita, lẹ́gbẹ̀ẹ́ Tokyo, wọ́n to ẹ̀rọ gachapon sí ọ̀wọ́ọ̀wọ́ fún ẹni tó fẹ́ lo kọ́ìnì owó Japan tó ṣẹ́ kù lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ ju kọ́ìnì sí i, ẹ yí ọwọ́ rẹ̀, bọ́ọ̀lù oníke kan á já bọ́, ẹ kò mọ ohun tó wà nínú rẹ̀ títí ẹ óò fi ṣí i. Ológbò tó fi ìrẹsì ṣe fìlà, àga ọ́fíìsì tó kéré bí àtàǹpàkò. Àwọn tó ń ṣẹ́ owó kì í gba kọ́ìnì, nítorí náà ibẹ̀ ló yẹ kó parí sí.

Ní Salvador, ìpínlẹ̀ Bahia ní Brazil, ó ń bẹ okùn aṣọ tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n ń pè ní fita do Bonfim. Gígùn rẹ̀ jẹ́ sẹ̀ntímítà 47, gígùn apá ère Jésù tí wọ́n ń pè ní Nosso Senhor do Bonfim tó wà ní ṣọ́ọ̀ṣì wọn. Ìdìpọ̀ ni wọ́n ń tà á, ẹyọ kan kò sì tó nǹkan. Wọ́n á ta kókó mẹ́ta sí i lọ́rùn ọwọ́, wọ́n á tọrọ ohun mẹ́ta, wọn kì í sì gé e, àfi bó bá já fúnra rẹ̀. Àwọ̀ kọ̀ọ̀kan ní òrìṣà tirẹ̀: funfun ti Òṣàlá, àwọ̀ ìyeyè ti Ọ̀ṣun. Ẹ kó o wá sí Òṣogbo kí ẹ wo bí wọ́n á ṣe ya ẹ̀rín sí yín.

Ní Havana, ní Cuba, owó ìwé péṣò 3 tó ní àwòrán Che Guevara, ajìjàgbara yẹn. Bí ẹ bá fẹ́ rà á lọ́wọ́ àwọn tó ń ta á fún àlejò, wọ́n á gbà yín ní owó rẹpẹtẹ. Ẹ ra omi nínú ṣọ́ọ̀bù ará ìlú, kí ẹ bẹ̀ ẹ́ nínú ṣéńjì.

Ọmọ Balógun

Ẹ̀yin àgbà, orí mi wú. Mo ti ní kí aránṣọ kan ní Ìtòkú bá mi rán pọ́ọ̀sì àdìrẹ kan tó ní síìpù, màá fi ₦20 Ladi Kwali sínú rẹ̀ fún màmá Guangzhou. Kolo àti berbere ni ti àwọn ará ilé. Ó ku ohun kan: Nairobi ni wọ́n fẹ́ fi bàálù mi gbà lẹ́yìn èyí. Kí ni mo máa rà níbẹ̀?

Arìnrìnàjò Òkè-Àdó

Tíì Ketepa inú páálí kékeré, àti òkúta Kisii tí wọ́n fi ń gbẹ́ erinmi àti àwo kéékèèké. Òkúta náà rọ̀ lọ́wọ́ bí ọṣẹ, àmọ́ ó wúwo ju bí ojú ṣe ń rí i lọ. Mú èyí tí kò ju ọwọ́ ọmọdé lọ. Kí o sì yọ gbogbo ọ̀rá láílọ́ọ̀nù tí o fi di ẹrù kúrò kí o tó gbéra ní Èkó. Láti oṣù Kẹjọ 2017 ni Kẹ́ńyà ti fòfin de é, bí o bá fẹ́ jáde sí ìlú, wọ́n lè ní kí o fi sílẹ̀ níbẹ̀. Àpò aṣọ ni kí o lò. Ọmọ Ẹ̀gbá á bá ẹ wá ti àdìrẹ.

Ọmọ Ẹ̀gbá

Ti àdìrẹ ti wà nílẹ̀. Ìwọ̀n wo lo fẹ́?